Merle Fẹ̀yìn Wọ Àyè Kẹrìnlá

Ní ọgbà àwọn onílé-táyà tó wà létí omi ní Yorke, ní gúúsù Australia, bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, kò sẹ́ni tó tún ń lọ pẹja mọ́. Kálukú á gbé àga rẹ̀ jáde, á kọjú rẹ̀ sọ́nà, á gbé ọtí tútù dání, á wá máa wòran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà kiri yìí, a kì í fi iwájú gbé e wọ àyè rẹ̀, ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn ọ̀hún ló sì máa ń tú àṣírí ọkùnrin. Ọkọ á wà nídìí sitiari, ìyàwó á dúró lẹ́yìn, á máa juwọ́ sí i. Ọkọ á ní òun kò rí ọwọ́. Ìyàwó á ní ojú ni kò ní. Ẹni tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àga á gbé ìgò sókè kí i. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, tó gun òdòdó, tó gbá ẹ̀rọ omi mọ́lẹ̀, orúkọ tuntun ni wọn yóò máa pè é títí Ajé Àjíǹde. Tọkọtaya kan wà tó jẹ́ pé, nítorí ẹ̀yìn yìí, wọ́n fi odindi ìsinmi jẹun láìbá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́dún yìí, Merle Hotchkin ni gbogbo àga kọjú sí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, òun nìkan ló sì wà nínú ọkọ̀. Clarrie ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù Keje, nígbà tí òtútù mú jù, lórí àga rẹ̀ níwájú ààrò, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ àti èkejì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti eré. Òfin ọgbà náà ni pé ẹni tó bá ní àyè létí omi, tirẹ̀ ni lọ́dọọdún, bí ilé rẹ̀ bá ti dúró sórí rẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn tó lù. Bó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn nínú ìwé ló ni ín. Àwọn tó ń dúró de ikú àwọn tó ni àyè nínú ìwé náà kò kéré. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni àyè kẹrìnlá fi jẹ́ ti Merle àti Clarrie. Èyí tún kéré sí ohun tí òun àti Leanne ọmọ rẹ̀ ti jọ sọ.

Oṣù kan ṣáájú ni Leanne wá bá a ní ilé ìdáná, tó da tíì méjì, tí kò sì mu tirẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ta ilé-táyà yẹn."

"Ká tà á fún ta?"

"Fún ẹni tó lè wà á."

"Ta ló sọ pé mi ò lè wà á?"

"Ẹ lè wà á lọ síwájú. Síwájú nìkan kọ́ ni wọ́n ń lọ."

"Ìwọ ọmọ yìí, inú ilé yẹn ni eyín rẹ àkọ́kọ́ ti yọ."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?" Leanne wo inú ife rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá rò ó pé ẹ̀yin nìkan wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù yẹn lẹ́yìn, oorun kì í kùn mí."

Merle kò bínú. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn èèyàn kì í pàdánù oorun nítorí rẹ̀. Ó ronú, ó ní, "Ó dáa. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi gbé e wọ àyè kẹrìnlá ńkọ́?"

"Láìjẹ́ pé Ánkù Trevor aládùúgbò wa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Bí Trevor bá fọwọ́ kan sitiari mi, kó rọ."

"Tó bá wọlé, mi ò ní dárúkọ títà mọ́ láé. Tí kò bá wọlé, kẹ́ ẹ jẹ́ n tà á. Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà. Mu tíì rẹ."

Ó gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ti lọ tán, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró níwájú ilé-táyà náà, ó ní, "Clarrie, mo ti la ẹnu mi ju bó ṣe yẹ lọ o."

Nítorí pé ní gbogbo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yẹn, Merle kò fi ẹ̀yìn gbé e wọ ibì kankan rí. Clarrie ló ń wà. Merle ló ń dúró lẹ́yìn. Ìta ni iṣẹ́ Clarrie: táyà, ṣéènì, iná, gáàsì. Inú ni ti Merle: àwo, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, fèrèsé, ìkòkò tíì. Ẹnì kan kì í dá sí ti ẹnì kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe yí ilẹ̀ Australia po tí ilé kò fi tú.

Kí ẹ má sì rò pé inú ìrìn àjò ni wọ́n bí i sí. Port Pirie ni wọ́n bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló kúrò nílé ìwé lọ sídìí búrẹ́dì. Títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, Adelaide ni òpin ayé tó mọ̀. Clarrie ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí òjò ní aṣálẹ̀ Coober Pedy. Lọ́jọ́ kan, ó fa ilé-táyà àlòkù kan wọ ẹ̀yìnkùlé, èyí tó ní ilà yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wọlé, ó jókòó, ó ní, "Merle, mo rò pé ká lọ wo nǹkan." Àlàyé tó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Noelene, tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwọn, wo ilà yẹ́lò náà fún ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ keje, Trevor ọkọ rẹ̀ lọ ra tiwọn.

"Kì í ṣe ìlara o," ni Noelene wí. "Ó kàn ń wù mí pé kí n rí ohun tí ìwọ náà bá rí ni."

"Kí lo wá pè é?"

"Ọ̀rẹ́."

Bí wọ́n ṣe di mẹ́rin nìyẹn. Níbi òkè Flinders, ẹyẹ gíga kan tó dà bí ògòǹgò, èmù, ki orí bọ fèrèsé, ó já búrẹ́dì alájáàmù gbà lọ́wọ́ Leanne tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Gbogbo àgbà figbe ta. Ọmọ náà kò sunkún, ó mú búrẹ́dì bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó fi lé ẹnu ẹyẹ náà, ó ní ebi ṣì ń pa á. Ní Coober Pedy, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sùn sí nítorí ooru, Trevor sì han-an-run débi pé ògiri ń dá a lóhùn. Ní àríwá, níbi tí ọ̀nì pọ̀ sí, Trevor kan náà ní òun fẹ́ fi omi ṣan ẹsẹ̀ díẹ̀. Olùṣọ́ ibẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ lè ṣan án, bàbá. Èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́ mú relé?"

Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, Merle máa ń ra aṣọ ìnu-àwo kan tí wọ́n ya àwòrán ìlú náà sí. Àwọn mìíràn ń ya fọ́tò, àwọn mìíràn ń kọ ìwé. Merle kì í ṣe akọ̀wé. Aṣọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ní, bó bá sì tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, ó lè sọ ohun tí kálukú jẹ níbẹ̀, ẹni tó bínú, àti ohun tó bí i nínú. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti Nullarbor, aláwọ̀ ilẹ̀, tí kò ní àwòrán kankan ju ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ gbọọrọ láti etí kan dé etí kejì. Bó ṣe di tirẹ̀ nìyí.

Ọ̀nà Nullarbor jìn, kò sígi, kò sókè. Àwọn obìnrin méjèèjì máa ń pààrọ̀ ọkọ̀ kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró níbi epo kan, Merle lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà tó jáde, eruku ló rí. Clarrie rò pé ó wà lọ́dọ̀ Noelene. Noelene rò pé ó ti padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Merle dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣì tutù fún omi, eṣinṣin sì ń kí i káàbọ̀.

Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ ibẹ̀ yọjú. "Wọ́n gbàgbé ẹ ni?"

"Wọ́n gbàgbé mi."

"Ṣé o mọ bọ́tà fi sí búrẹ́dì? Bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò kan ń bọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi sì ti lọ fẹ́ awakọ̀ ẹlẹ́rù."

Merle so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí. Ọmọ ìdí búrẹ́dì ni.

Clarrie wakọ̀ àádọ́rùn-ún kìlómítà kó tó dúró níbi tí wọn yóò sùn. Ó kọjú ọkọ̀ bó ṣe yẹ, ó wo dígí ẹ̀gbẹ́, ó ń retí Merle lẹ́yìn. Kò rí i. Ó dúró. Ó pa iná ọkọ̀, ó tún dúró. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Trevor tó wá kan fèrèsé.

"Clarrie, kí lò ń dúró dè?"

"Merle."

"Merle dà? Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló wà?"

Clarrie yí ọkọ̀ padà tòun tilé lẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi epo náà, Merle ń gbé àwo mẹ́ta lọ́wọ́ kan. Ó rí i, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Kí ni kí n gbé wá fún yín?"

Clarrie ṣí fìlà rẹ̀. "Ìyàwó mi, bó bá ṣì kù."

Àwọn arìnrìn-àjò fi àwo sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni Clarrie ra aṣọ ìnu-àwo náà fún un, ó ní kó máa fi í juwọ́ sóun láti ẹ̀yìn, kí ojú òun má baà sọ ọ́ nù mọ́. Láti ìgbà náà, ní Broome, ní Queensland, níbi gbogbo, aṣọ náà ni Merle ń fì, ilé á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ayé ní Clarrie mọ ọkọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Merle fi kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé ní pápá bọ́ọ̀lù, láàárín agbọ̀n ìdọ̀tí méjì tó ní táyà. Agbọ̀n tirẹ̀ yè é. Ti Trevor kú. Ó ti mọ̀ báyìí pé bó o bá fẹ́ kí ẹ̀yìn ilé lọ sọ́tùn-ún, òsì lò ń yí sitiari sí. Ìmọ̀ lọ́tọ̀, ọwọ́ lọ́tọ̀. Ó sì ti wá láti Port Pirie láìsí wàhálà kankan. Kó tó kúrò nílé, ó yẹ táyà wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó fa ṣéènì, ó tan gbogbo iná, ó pa gáàsì, gẹ́gẹ́ bí Clarrie ti máa ń ṣe. Leanne ń tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ tirẹ̀ títí tí wọ́n fi dé. Nígbà tí wọ́n wọ ọgbà, aago mẹ́rin ti kọjá.

Noelene ti dúró sí ẹ̀yìn àyè kẹrìnlá pẹ̀lú aṣọ Nullarbor tí Merle gbé fún un lọ́wọ́. Merle fi ọkọ̀ sí rìfáásì. Noelene bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ náà lu afẹ́fẹ́ lókè nílẹ̀.

"Wá! Wá! Ó tó! Rárá, kò tíì tó! Lọ sí ibí yìí!"

"Ibí wo?"

"Ibí mi!"

Àwọn tó jókòó sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní kó kọ́kọ́ lọ síwájú. Nígbà tí Merle dúró, ilé náà ti kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Ó gbọ́n," ni Trevor wí láti orí àga. "Ní ọjọ́ orí wa, ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn sún mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Merle náà rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kù díẹ̀ kó gbá igi páìnì tó wà lápá òsì. Leanne ti bọ́ sílẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Ìdúró yẹn jọ ti bàbá rẹ̀ débi tó fi mú Merle lọ́kàn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá. Obìnrin tó ń ṣàkóso ọgbà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé àwọn tó ń dúró, ó ń ṣe bí ẹni tí kò wo ibì kankan.

Trevor dìde tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ní yẹ̀yẹ́ mọ́. "Merle, jọ̀ọ́, fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Clarrie kò ní bínú."

"Clarrie kọ́ ni mo bá ṣàdéhùn. Jókòó, Trevor."

Merle bọ́ sílẹ̀. Ó rìn lọ sí ibi tó ti ń dúró láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, igun ọ̀tún lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ẹ̀rọ omi. Bó ti dúró síbẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo nǹkan tó dojú rú nínú dígí tò létòlétò lójú rẹ̀: ibi tí táyà yóò gbà, ibi tí igun ilé yóò dé. Ó wo ọkọ̀ tó ṣófo níwájú, ó rí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wá yé e lójijì. Clarrie kò rí àyè kẹrìnlá rí nígbà tó bá ń wọlé. Aṣọ ló ń rí. Ibi tí Merle bá gbé aṣọ sí ló ń lọ. Ta ló wá ń gbé ilé yìí wọlé láti ọjọ́ yìí?

"Noelene, mú aṣọ yẹn wá."

"Ṣé mi ò ṣe é dáa ni?"

"O ń lé adìẹ, ọ̀rẹ́ mi. Lọ jókòó."

Ó so aṣọ Nullarbor mọ́ òpó ẹ̀rọ omi, ní gíga èjìká rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó mú ti Broome láti inú ọkọ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀ka páìnì lápá òsì. Ó wá kọjú sí àwọn tó jókòó. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ tó. Ẹni tó bá tún la ẹnu, kó fi ọtí dí i."

Kẹ́kẹ́ pa. Àwọn ẹyẹ òfú, ẹyẹ omi ẹlẹ́nu àpò, tó bà lórí àgbá ẹja náà gbọ́.

Ó padà sídìí sitiari. Kò wo Leanne, kò wo ìwé, kò wo àyè náà pàápàá. Aṣọ ló ń wò, ọ̀nà gbọọrọ yẹn nínú dígí ọ̀tún. Bí aṣọ bá fẹ́ sá kúrò nínú dígí, ó fọwọ́ tọ́ sitiari díẹ̀, aṣọ á sì padà. Bó bá ti rí fẹ́ẹ́rẹ́ ti Broome ní òsì, ó mọ̀ pé igi ṣì jìnnà. Ó ń lọ, ó ń lọ, bí ẹni ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Aṣọ náà tóbi, ó tún tóbi, títí tó fi kún dígí. Ó fa bíréèkì.

Trevor ló kọ́kọ́ gbé ìgò sókè. Gbogbo àga wá dìde, ariwo sì gba ọgbà kan. Noelene ń sunkún, ó ń sọ fún ẹni gbogbo pé òun lòun kọ́ ọ. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méje. Obìnrin ọ́fíìsì ká ìwé rẹ̀, ó há a sábíyá.

Leanne sáré dé, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Mọ́mì! Mọ́mì, ẹ gbé e wọlé!"

"Kí lo rò tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ n lọ gbé omi tíì kaná." Leanne ṣí ilẹ̀kùn ilé-táyà, ó dúró gbagidi. "Mọ́mì."

"Kí ni?"

"Ẹ wá wò ó."

Gbogbo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló ṣí sílẹ̀. Ìyẹ̀fun, ṣúgà àti ewé tíì ti dà pọ̀, ìgò ńlá bítírúùtù, gbòǹgbò aládùn olómi pupa, sì ti fọ́ lé wọn lórí. Omi rẹ̀ pupa yòò láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, bí ibi tí wọ́n ti pa màlúù. Láti Port Pirie ni wọ́n ti ń jó níbẹ̀.

Merle gbá àyà mú. Táyà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣéènì, iná, gáàsì, ó ṣe gbogbo iṣẹ́ Clarrie láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an, ti inú, tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ló gbàgbé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ̀rín sì gbé e, ẹ̀rín tí kò rín láti oṣù Keje, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ tí kò sì mọ irú èyí tó jẹ́.

"Ìyá Bítírúùtù!" Trevor kígbe. Orúkọ ti dé nìyẹn, títí Ajé.

Leanne ká sòkòtò sókè. Ó na ọwọ́ sí aṣọ tó wà lórí igi.

"Má fi ti Broome nù ún! Má fi ìkankan nù ún! Lọ yá aṣọ lọ́wọ́ Noelene."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ pupa náà, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń fún un sínú garawa. Leanne sọ̀rọ̀ láìgbé orí sókè.

"Mọ́mì, lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé inú ni kí n ṣe ni, àbí ìta?"

Merle fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Inú," ni ó wí. "Ìta ti di tèmi."